Ẹ Má Pè Mí Ní Ìyá Victorin Mọ́

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì ká a sápò. Fara balẹ̀ díẹ̀. Ìtàn ọmọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kì í sì í ṣe ìtàn ọ̀mùtí tàbí ti olè. Mo mọ̀ pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọ̀mùtí, wàá ní kò kàn ọ́. Ọmọ dáadáa ni Victorin. Kì í mutí, kì í mu sìgá, ó sì máa ń kí gbogbo ará ilé bó bá jí láàárọ̀. Irú wọn ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà ọ̀run àpáàdì.

Ìlú Ouagadougou ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Dapoya, nínú agboolé kan tí àwọn Nàgó tó ti ilẹ̀ Benin wá ń gbé. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ìyá rẹ̀, Ọmọ́ṣaléwá, ló tọ́ ọ dàgbà. Ike ni obìnrin náà ń tà ní ọjà Sankaryaré: korobá, abọ́, agbọ̀n, àti búta aláràbarà tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Búta yìí ló rán Victorin lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Faransé. Korobá ló ra ìwé fún un, abọ́ ló ra bàtà. Nígbà tó gboyè tán tó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì olówó kan, ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúpẹ́ títí wọ́n fi ní kó dìde.

Kò sí ẹni tó ń pe obìnrin yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bí àṣà wa ti rí, láti ọjọ́ tó ti bímọ ló ti di Ìyá Victorin. Àwọn Moosi, onílẹ̀ ibẹ̀, tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n mọ̀. Ó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pàápàá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ ní èdè Faransé: Chez Maman Victorin. Bí o bá pe orúkọ náà láti òdìkejì ọjà, ẹ̀rín ni yóò fi dá ọ lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìyá yìí ń ti ọmọ rẹ̀ lójú. Kò gbọ́ Faransé kọjá kí ó kí ènìyàn. Mooré, èdè àwọn Moosi, tó ń sọ, Mooré ọjà ni, ariwo ló fi ń sọ ọ́. Òórùn ike tuntun kì í kúrò lára aṣọ rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Victorin níbi iṣẹ́, ọmọ àwọn tó ń gbé Ouaga 2000 ni, níbi tí géètì ti ń ṣí fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè iṣẹ́ ìyá rẹ̀, á ní, "Elle est dans le commerce," pé oníṣòwò ni, á sì yí ọ̀rọ̀ padà kíá.

Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Dakar tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ ìṣòwò. Victorin fẹ́ ibẹ̀ bí ẹni fẹ́ ẹ̀mí. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé kọ ìtàn ara rẹ̀ ránṣẹ́, kó sọ ohun tó ti dá sílẹ̀ tàbí tó ti darí rí. Ó jókòó, ó ronú. Kí lòun ti darí rí? Kò sí. Ìyá rẹ̀ ló ń darí. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹní kan bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi, kó tó di pé ó ní ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìkẹ́rùsí. Victorin rí i pé bí ìyá bá fi wà láàyè nínú ìtàn náà, ti ìyá ni gbogbo ògo.

Ló bá pa á.

Orí ìwé ló ti pa á, mo mọ̀. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun ti kú, pé iṣẹ́ ló pa á, pé òun ọmọ òrukàn ni òun gba ọjà náà mú nígbà tí kò sí olùrànlọ́wọ́, tí òun sì sọ ọ́ di ńlá. Yorùbá wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ikú mọ́ ìyá tó ń gbé oúnjẹ fún un? Ó yíjú kúrò lára gbólóhùn náà nígbà tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Nígbà tó tún un kà, ẹwà èdè rẹ̀ ló ń tún ṣe. Bí ẹ̀ṣẹ̀ ti máa ń ṣe é nìyẹn.

Ọkùnrin kan nínú àwọn Moosi tó ń jẹ́ Tapsoba ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kó bá a sọ̀rọ̀ ní Ouaga. Òun náà ti kàwé níbẹ̀ rí, ó sì ti di ènìyàn pàtàkì. Ó ka ìtàn ọmọ òrukàn yìí, omi lé sí i lójú. Ó bi Victorin nípa ìyá rẹ̀, Victorin sì sọ̀rọ̀ ìyá náà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú, ó tiẹ̀ nu ojú láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Tapsoba fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní Dakar kọ̀ ọ́.

Ojú ti Victorin kọjá sísọ. Ó ti fọ́nnu níbi iṣẹ́ pé òun ń lọ. Ìyá rẹ̀ ti kéde ní gbogbo Sankaryaré pé ọmọ òun fẹ́ lọ kọ́ ìwé àwọn ọ̀gá. Ó wá di ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí àwọn ará agboolé má bàa bi í pé ìgbà wo ni ìrìn-àjò. Ẹ̀gàn tó jẹ ló ń ro, kò ro irọ́ tó pa. Àwọn nǹkan méjèèjì yìí yàtọ̀ síra gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí wọ́n mú lè sunkún nítorí pé wọ́n mú un, kì í ṣe nítorí ohun tó ṣe.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ó lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Tapsoba sọ fún un pé, "Ìtàn rẹ dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò rí ìwọ fúnra rẹ nínú rẹ̀." Ó sì sọ fún un pé ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi ẹni tó bá padà wá: Kí ló ti yí padà nínú rẹ látìgbà tí a ti rí ọ kẹ́yìn?

Victorin ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Raymond. Dapoya ni wọ́n jọ dàgbà sí. Olùkọ́ ni Raymond, Faransé rẹ̀ dán, ó sì ti fi ayé rẹ̀ fún Jésù nígbà tí wọ́n ṣì wà ní yunifásítì. Victorin máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti di pásítọ̀ láìní ìjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ìwé, òun ló pè. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, wọ́n jókòó sí yàrá Victorin, wọ́n ṣí kọ̀ǹpútà síwájú.

"Mo fẹ́ tún ìdánwò ìṣirò wọn ṣe, kí máàkì mi lè ga sí i," ni Victorin wí. "Mo ti bẹ ọ̀gá mi ní bureau kó yí orúkọ ipò mi padà sí èyí tó dún. Mo tún fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ń ran àwọn ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Ìyẹn máa wọ̀ wọ́n lára."

"Ọmọ òrukàn wo lo mọ̀?"

"A ó ṣáà wá wọn rí."

Raymond rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Victorin, gbogbo èyí, ohun tí o fẹ́ fi kún ara rẹ ni. Wọn ò bi ọ́ ní ohun tí o fi kún un. Wọ́n ní kí ló yí padà. C'est pas la même chose, ọ̀tọ̀ ni wọ́n."

"Kí ló fẹ́ yí padà lára mi? Ṣé mo jalè ni?"

Raymond fẹ́ dáhùn nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn ọkùnrin kan ní àgbàlá tó ń kí àwọn ará ilé ní Mooré. Victorin dìde, ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé ẹnu ọ̀nà. Ó fa aṣọ náà padà kíá. Tapsoba ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé ọkùnrin náà wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá tirẹ̀ ni. Inú ọ̀fọ̀ yẹn ló wà tó fi rántí ọmọ òrukàn Dapoya. Lọ́dọ̀ àwọn Moosi, bó ti rí lọ́dọ̀ tiwa náà, ènìyàn kì í gbọ́ pé ìyá ẹni tó mọ̀ kú kó má yà kí ará ilé rẹ̀. Wàá mú obì dání, wàá lọ sí agboolé náà, wàá jókòó. Tapsoba ti pinnu láti tún kọ̀wé ṣe onígbọ̀wọ́ fún Victorin. Ó wá rí i pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun kò tíì kí ará ilé rẹ̀ kú ọ̀fọ̀. Ó béèrè ọ̀nà ilé àwọn Nàgó, wọ́n sì júwe rẹ̀ fún un.

Kò mọ̀ pé òkú ni yóò bu omi fún òun mu.

Ọmọ́ṣaléwá ń ṣa ẹ̀wà lórí àpótí. Ó dìde, ó gbé ìjókòó fún àlejò, ó bu omi tútù fún un. Ọkùnrin náà mu ún, ó dúpẹ́.

"Ṣé ilé Victorin nìyí?"

"Òun ni."

"Ẹ̀yin ni ẹ wá jẹ́ àgbà fún un báyìí. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí, n kò sì rí àyè wá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí ẹ̀wà. Ó wo àlejò. Ó wá wo ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀. Aṣọ ìkélé náà kò kan ilẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ Victorin nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti ń ra bàtà fún láti kékeré. Ó dúró kí ẹsẹ̀ náà gbé. Kò gbé.

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, ká ní ìwọ ni, kí lo máa sọ? Gbólóhùn kan ló kù: "Èmi ni ìyá rẹ̀, n kò kú." Òtítọ́ ni ì bá sọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

"Barka," ni ó wí. "Ẹ ṣé tí ẹ wá."

"Kí ló ṣe é gan-an?"

"Òjijì ni. A ò gbọ́ tẹ́lẹ̀."

"Ọmọ náà ní iṣẹ́ ló pa á."

"Bóyá ni," ni ìyá náà dáhùn. "Ó ṣiṣẹ́ lóòótọ́."

Tapsoba mi orí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé obì náà fún un, obìnrin náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n bá òun kí Victorin, ó sì lọ.

N kò sọ pé ó dára kí ìyá máa bo irọ́ ọmọ mọ́lẹ̀. Àwọn kan nínú yín á ní ì bá tú u fó kó kọ́gbọ́n. Bóyá ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ.

Obìnrin náà kò pariwo. "Victorin," ló pè.

"Màmá."

"Obì ìsìnkú mi ti dé. Jáde wá gbà á."

Victorin jáde. Kò dọ̀bálẹ̀, kò kúnlẹ̀. Àlàyé ni ẹnu rẹ̀ ń wá. "Màmá, ẹ má bínú, c'est pour le dossier seulement. Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ẹ ò kú." Ó wá fi èyí tó burú jù lé e. "Bí ọkùnrin yẹn, Tonton Tapsoba, bá tún yà, ẹ ṣáà máa ní ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni yín. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbà mí. Bí mo bá ti wọlé, màá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀."

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. "Mo ti gbọ́," ni ó wí, ó sì padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Raymond ló dọ̀bálẹ̀. Ó jáde láti inú yàrá, kò lè wo ojú ìyá náà, ó kàn na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà, ìyá náà kò bú ọmọ rẹ̀, kò sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ tó máa ń bò sílẹ̀ fún un, ó ṣì ń bò ó. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún Victorin. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó wo ìbéèrè yẹn, kí ló ti yí padà, ó sì ń kọ ọ́ pé ìnira ọmọ òrukàn ti sọ òun di akọni. Bó bá ti kọ ọ́ ni yóò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀: òjijì ni, a ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Á pa á rẹ́, á tún un kọ.

Síbẹ̀ kò dúró. Ó gbọ́ pé àwòrán iṣẹ́ ẹni máa ń ran ìwé ìwọlé lọ́wọ́, ó sì pinnu láti lọ ya ṣọ́ọ̀bù náà ní Sankaryaré, kó fi hàn bí ohun tí òun dá sílẹ̀ ti tóbi tó. Ó mú àkókò tí ìyá rẹ̀ máa ń wà ní ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ó débẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó sì rí i pé ara pátákó náà ti funfun. Wọ́n ti fi ẹfun kùn ún látòkè délẹ̀. Ọ̀dà pupa àtijọ́ ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè kà á mọ́.

"Ọmọ́ṣaléwá!" ni Halimatou, ẹni tó ń ta kànìnkànìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ń ké. "Ọmọ́ṣaléwá, ẹni kan ń béèrè búta!"

Victorin wò yíká. Kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Kò gbọ́ orúkọ yẹn rí lọ́jà yìí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kò sí ẹni tó dáhùn, Halimatou sì tún pè. Nígbà náà ni ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ni. Ó dáhùn láti ẹ̀yìn, láìsí ẹ̀rín.

Halimatou rí ọmọ náà. "Ẹ̀ẹ́n, ìwọ Victorin, wá sọ fún wa. Kí lo ṣe? Ìyá rẹ ní a ò gbọ́dọ̀ pe òun ní Ìyá Victorin mọ́. Ó ní ọkùnrin ńlá kan lè máa kọjá lọ́jà, bó bá gbọ́ ọ, á ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Orúkọ tó ti ń jẹ́ kí èmi tó débí! Ó tilẹ̀ kun pátákó. Mo ní kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a kùn ún, ó ní òun fúnra òun ni."

Victorin gbé fóònù náà wálẹ̀. Ó ti mú ìyá rẹ̀ kúrò nínú ìtàn rẹ̀ kí ògo lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìyá rẹ̀ wá mú orúkọ ọmọ kúrò lára ara rẹ̀ kí ojú má bàa ti ọmọ náà. Ó mọ̀ ọ́n nísinsìnyí, ó sì dùn ún débi pé ó di irin ṣọ́ọ̀bù náà mú.

Ìyá rẹ̀ jáde, ó ń nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó rí ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

"Ṣé o ti jẹun?" ló bi í.

Victorin yí padà. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó ń sunkún lójú pópó bí ọmọdé, àwọn ènìyàn sì ń wò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí Raymond ti ń ṣiṣẹ́ ló gbà lọ. Àwọn ọmọ ti lọ sílé fún oúnjẹ ọ̀sán. Raymond ń nu pátákó ìkọ̀wé.

"Raymond, mo ti pa ìyá mi."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

"Kí ni kí n ṣe? Màá tún pátákó yẹn kọ. Màá ra aṣọ tó dára fún un. Bí mo bá dé Dakar, màá máa…"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Raymond wí. Ó gbé ohun ìnupátákó sílẹ̀. "O tún fẹ́ fi nǹkan kún un. Dossier ìwọlé lo tún fẹ́ tò fún Ọlọ́run báyìí. Victorin, ta ló gba obì ìsìnkú lọ́jọ́ yẹn?"

"Màmá ni."

"Ta ló ṣẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ìyá rẹ gba ikú tí kò kú, kí ojú má bàa tì ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Jésù ṣe, ṣùgbọ́n ti Jésù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó kú u. Wọ́n bọ́ ọ síhòòhò ní gbangba, wọ́n kàn án mọ́ igi, ojú tì í nítorí irọ́ rẹ àti tèmi. Màmá lè bo irọ́ rẹ, kò lè wẹ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́. Kò sì ní kí o kọ́kọ́ lọ tún ara rẹ ṣe kí o tó wá."

Victorin jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. "Bí mo bá sọ òtítọ́, Dakar ti lọ nìyẹn."

"Ó lè lọ lóòótọ́," ni Raymond wí. Kò fi oyin sí i.

Victorin kúnlẹ̀ láàárín bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Kò mọ àdúrà tó dára. "Olúwa," ló wí, "òpùrọ́ ni mí. Mo pa ìyá mi nítorí ògo, mo sì jókòó sẹ́yìn aṣọ nígbà tó ń gba ìyà mi. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló kan Ọmọ Rẹ mọ́ igi. N kò ní nǹkan kan tí mo lè mú wá. Ṣàánú mi." Ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run gbọ́. Kò ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé láti ọjà lọ́jọ́ náà, Victorin na gbalaja sí àgbàlá níwájú gbogbo agboolé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ sókè kí wọ́n lè gbọ́. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. "Dìde," ni ó wí, "ilẹ̀ ṣì gbóná." Victorin kò dìde títí ó fi gbọ́ pé ó ti dárí jì òun.

Lẹ́yìn náà ó gbé ìyá rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, ó di ilé Tapsoba ní Ouaga 2000. Obì ìsìnkú yẹn wà nínú abọ́ ike lórí itan ìyá náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tó ti gbà á. Tapsoba fúnra rẹ̀ ló jáde sí wọn.

"Tonton," ni Victorin wí, "ìyá mi nìyí. Kò kú rí. Irọ́ ni mo pa fún yín, irọ́ ni mo pa fún Dakar. Òun ló dá ọjà náà sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí."

Tapsoba wo ìyá náà, ó mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá tèmi kú lóòótọ́," ló sọ níkẹyìn. "Mo sunkún níwájú rẹ."

"Mo mọ̀, Tonton."

"N kò ní kọ̀wé fún ọ. Màá sì sọ ọ́ fún wọn ní Dakar."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá náà na abọ́ náà sí i. "Ẹ gba obì yín padà," ló sọ ní Mooré ọjà rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo kú. Ọmọ mi ló ti kú, a dúpẹ́ pé ó ti yè."

Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó mú obì kan, ó là á, ó sì fún un ní apá kan. Ó tọ́ka sí ìjókòó tó wà ní ìloro rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ló wí, "Ìyá Victorin."

Obìnrin tí kò sunkún nígbà tí wọ́n kí i kú ikú ara rẹ̀, ìgbà náà ló bú sẹ́kún.

Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí Victorin má ṣe mú orúkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn mọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ojú ṣì máa ń tì í bó bá rántí, ó sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mọ́. Òun ló fọ ẹfun náà kúrò lára pátákó, tó tún ọ̀dà pupa náà kùn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá bá a pàdé láàárín búta àti korobá lọ́jọ́ Sátidé, á ní, "Ẹ wá kí ìyá mi." Ó ní òun ti wá rí ìdáhùn sí ìbéèrè àwọn ará Dakar, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òun máa kọ ọ́ sí mọ́.

Ìwọ ńkọ́?

Má sọ fún mi pé o kò pa ìyá rẹ lórí ìwé. Ta lo ti pa mọ́ kí ojú má bàa tì ọ́? Irọ́ wo lo fi gun òkè? Mo mọ̀ pé o ti ń gbìyànjú. Ní gbogbo ọdún tuntun lò ń tún ara rẹ tò: wàá máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, wàá máa ṣoore, wàá dín ìbínú kù. Ọlọ́run kò bi ọ́ ní ohun tí o fi kún un. Ó ń bi ọ́ pé, kí ló ti yí padà nínú rẹ?

Bí kò bá sí, má bo ojú rẹ. Wá pẹ̀lú ìtìjú náà bó ti wà. Ibi tó o bá wà yìí, kúnlẹ̀, jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ní orúkọ rẹ̀ gan-an, gba Jésù gbọ́. Lẹ́yìn náà, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Má ní ó di ọ̀la. Ikú ìyá Victorin, ti ẹnu ni. Tìrẹ lè jẹ́ tòótọ́, ó sì lè jẹ́ òjijì.

Ikú tó tọ́ sí ọ ti wá sílé, Ẹnì kan sì ti jáde lọ gbà á nítorí rẹ. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ aṣọ ìkélé. Ó ń pè ọ́ ní orúkọ.

Jáde wá lónìí.